Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ NUPRC: Ẹ Tẹ Ìṣirò Kànga Ororo Jáde

Sí Ọ̀gá Àgbà Pátápátá,
Àjọ tó ń mójú tó wíwa epo rọ̀bì àti gáàsì ní Nàìjíríà, NUPRC,
Àbújá.

Ẹ̀dà sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Àkúrẹ́.

Ọ̀gá wa,  

Ọ̀wọ̀ ni mo fi kọ̀wé yìí, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ náà kò ní kí n dákẹ́. Ní 2020, kànga Ororo-1, tó wà nínú òkun lẹ́bàá Awoye ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, nínú pápá OML 95, bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún un ṣe. Gáàsì rú jáde, iná sì sọ. Ọdún ń gorí ọdún, iná náà kò kú. Títí wọ 2025, àwọn akọ̀ròyìn ṣì ń sọ pé ó ń jó. Àwọn apẹja Ìlàjẹ tí òkun ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn láti Ayétòrò dé Awoye ni wọ́n tún wá ń fi ojú òru wo iná tí kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tí yóò tán fún wọn. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí owó, a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí ìwé àṣẹ, a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ni pápá. Ohun tí a kò tíì gbọ́ ni ìṣirò. Òun ni mo bá wá, nítorí pé ìṣirò ni í pa irú kànga bẹ́ẹ̀, àti pé ibi tí a kò bá ti ṣe é dáadáa, owó àti ìwé àṣẹ kò lè dí àlàfo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí pẹ̀lú yín, nítorí pé tiwọn náà ni. Gáàsì tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní agbára tó fi ń ti ara rẹ̀ jáde. Nígbà tí kànga bá wà lábẹ́ àkóso, ẹrẹ̀ tí àwọn agbẹ́kànga pò ni ó kún inú rẹ̀, ìwúwo ẹrẹ̀ yìí ni ó sì ń tẹ gáàsì náà mọ́lẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá fúyẹ́ jù, tàbí tó bá gba ojú ibòmíràn sá lọ, gáàsì á borí. Láti pa kànga náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ti ẹrẹ̀ tuntun wọlé, yálà láti ẹnu rẹ̀ tàbí láti inú kànga ìrànwọ́ tí wọ́n gbẹ́ ní ìdábùú títí tó fi lọ pàdé rẹ̀ nísàlẹ̀. Àmọ́ gáàsì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹrẹ̀ ṣe ń wọlé ni gáàsì ń gbé e dà síta. Ẹni tó bá fẹ́ borí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kí ó tó tan ẹ̀rọ: bí ẹrẹ̀ náà yóò ṣe wúwo tó, bí ẹ̀rọ yóò ṣe sáré tó, iye agbá tí yóò tó kó má baà tán lójú ọ̀nà, àti bóyá àpáta ìsàlẹ̀ kò ní là lábẹ́ agbára náà. Kò sí èyí tí a lè fi ojú wọ̀n nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ní Arun, ní agbègbè Aceh lórílẹ̀-èdè Indonesia, kànga gáàsì ńlá kan tó jẹ́ ti Mobil bú ní 1978, iná sì sọ lórí rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà gbẹ́ kànga ìrànwọ́ lọ bá a. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni gbogbo ayé ń kọ́ títí dòní. Wọn kò fi ẹrẹ̀ wíwúwo bẹ̀rẹ̀. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ tì wọlé, omi púpọ̀ pẹ̀lú eré ńlá, débi pé ìdènà tí omi náà ń bá pàdé lára páìpù bó ṣe ń gòkè bọ̀ fi kún agbára tó ń tẹ gáàsì mọ́lẹ̀. Ìgbà tí gáàsì ti rọlẹ̀ ni wọ́n tó fi ẹrẹ̀ wíwúwo rọ́pò omi. Blount àti Soeiinah tí wọ́n wà nídìí iṣẹ́ náà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn World Oil ní 1981. Ọ̀nà yìí gbára lé ìdènà páìpù gan-an, bẹ́ẹ̀ sì ni àǹfààní kan wà nínú omi tí kò sí nínú ẹrẹ̀: a mọ ìwà omi. Ẹni tó bá mọ fífẹ̀ páìpù àti eré omi lè ṣírò ìdènà rẹ̀, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ tàsé. Ibi tí ẹrẹ̀ bá ti wọ ọ̀rọ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì ló pàdé níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì le. Èkíní ni rúdurùdu. Osborne Reynolds, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Manchester, da aró sínú omi tó ń ṣàn nínú ọ̀pá gíláàsì, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1883. Nígbà tí omi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, aró náà fà ní ìlà tààrà. Nígbà tí eré pọ̀, aró fọ́n ká, omi ń yí, ó ń lọ́, ó ń kọlu ara rẹ̀. Reynolds fi òǹkà kan hàn tó kó eré, fífẹ̀ ọ̀pá, ìwúwo àti kíki omi pọ̀. Nínú páìpù, bí òǹkà náà bá ti kọjá bíi 2,000 sí 2,300, rúdurùdu lè gba ìṣàn náà. Iṣẹ́ pípa kànga máa ń kọjá ìwọ̀n yìí dáadáa. Nínú ìṣàn rúdurùdu, ìdènà páìpù kì í tẹ̀ lé eré lọ́gbọọgba mọ́. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin.

Èkejì ni ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀. Kíki omi kò yí padà bí ẹ rò ó, kò yí padà bí ẹ kò rò ó, àyàfi tí ooru bá yí i. Ẹrẹ̀ agbẹ́kànga, tí wọ́n fi amọ̀ bentonite, òkúta barite lílọ̀ àti èròjà polymer bíi xanthan pò, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó dì, kí àwọn èérún òkúta má baà rì padà sísàlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró. Bí ẹ bá rò ó kíkankíkan, ó rọ̀, ó ń ṣàn. Omi ilá tí à ń jẹ nílé ń hu apá kan ìwà yìí: ó ń fà, kíki rẹ̀ sì yàtọ̀ nínú àwo tó jókòó sí ti àwo tí a ń rò. Nítorí náà, ìbéèrè pé “báwo ni ẹrẹ̀ yìí ṣe ki tó?” kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ní ẹ̀gbẹ́ páìpù, níbi tí rírò náà ti le jù, kíki rẹ̀ kéré. Láàárín páìpù, ó pọ̀. Nínú kànga kan náà, ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, ẹrẹ̀ kan náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kíki.

Lórí pèpéle ìgbẹ́kànga, ẹni tó ń mójú tó ẹrẹ̀ ń fi ẹ̀rọ Fann wọn ìwà rẹ̀ ní eré mẹ́fà: ìyípo 600, 300, 200, 100, 6 àti 3 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń mú 600 àti 300 nìkan fi ṣe ìṣirò kíki tí wọ́n ń pè ní Bingham, torí pé ó yá, ìwé pélébé kan sì tó fún un. Àgbékalẹ̀ Herschel àti Bulkley ti 1926 fẹ́ kí a ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì sún mọ́ òtítọ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ìyípo 600 ni òkè tí ẹ̀rọ yẹn dé, nígbà tó jẹ́ pé nínú ìṣàn rúdurùdu, ohun tí ẹ̀gbẹ́ páìpù ń fojú winá lè kọjá ibẹ̀ lọ fíofío. Rudman, Blackburn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ọsirélíà, tí wọ́n ti ń ṣírò irú ìṣàn yìí lórí kọ̀ǹpútà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹnu mọ́ ọn ní 2016 pé tí a kò bá wọn kíki ohun náà dé ibi tí a ti ń rò ó kíkankíkan, tí a kàn fa ìlà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ìṣirò rúdurùdu lè ṣìnà. Ẹ̀rọ tó wà lórí pèpéle wa kò wọn apá tí ìṣirò náà nílò jù. Mo rọ̀ yín kí ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé òun ni mo fi ń bẹ yín nísàlẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà tó kà mí láyà ju gbogbo èyí lọ. Ní 1948, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Toms fi han ayé pé polymer díẹ̀ kínún tí a pò mọ́ ohun ṣíṣàn lè mú kí ìdènà páìpù já wálẹ̀, nínú ìṣàn rúdurùdu nìkan. Nínú yàrá ìdánwò, jíjá náà lè tó ìdá 70 sí 80 nínú 100. Láti 1979 ni wọ́n ti ń fi irú èròjà bẹ́ẹ̀ sínú páìpù epo ńlá tó la Alaska já, kí epo lè rìn yá sí i. Fún àwọn tó ń gbé epo, èrè ni. Fún ẹni tó ń pa kànga, ewu ni. Ìdènà páìpù ni ohun ìjà tí wọ́n fi ṣẹ́gun ní Arun. Polymer inú ẹrẹ̀ lè gba ohun ìjà náà lọ́wọ́ yín láìjẹ́ pé ẹnì kan rí i. Ẹni tó bá fi ìlànà omi ṣírò ẹrẹ̀ olópolymer lè gbàgbọ́ pé òun ní agbára tó tó nísàlẹ̀, kó sì jẹ́ pé kò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gáàsì bá tún rú jáde, wọn á ní orí kànga náà ló burú. Ìlànà ìṣirò ìdènà páìpù tí Dodge àti Metzner gbé jáde ní 1959 ṣe dáadáa fún ohun tó kàn ń rọ̀ bí a ṣe ń rò ó. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó ń fà.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi kan kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ náà sì ń fẹ́ ìṣọ́ra. Àgbékalẹ̀ Navier àti Stokes tó ń darí ìṣàn ti wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, síbẹ̀ kò sí ẹni tó lè yanjú rẹ̀ pátápátá pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ní 1987, Kim, Moin àti Moser lo kọ̀ǹpútà NASA láti ṣírò ìṣàn rúdurùdu láàárín ògiri méjì láìfi àbá kankan dípò rúdurùdu náà. Ó gbà wọ́n ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ojúàmì ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ìṣàn tí rúdurùdu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe. Bí òǹkà Reynolds bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà yóò ṣe ń sún mọ́ ìlọ́po mẹ́jọ. Kànga tó jìn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún mítà kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwọn ẹnjiníà ń lo àbá tó ń ṣojú fún rúdurùdu, irú èyí tí Launder àti Spalding gbé jáde ní 1974. Òǹkà tó wà nínú àwọn àbá wọ̀nyẹn, ara afẹ́fẹ́ àti omi ni wọ́n ti mú un. Bí ẹnì kan bá gbé ẹrẹ̀ sí i, kọ̀ǹpútà kò ní kọ̀. Yóò dá a lóhùn, yóò ya àwòrán aláwọ̀ mèremère fún un, kò sì ní sọ pé òun kò tíì bá ẹrẹ̀ pàdé rí. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọ̀nà tó sì fi lè mọ̀ ni pé kí ó gbé ẹrẹ̀ náà gan-an, kó tì í gba inú páìpù ìdánwò, kó wọn ìdènà rẹ̀, kó sì fi í ṣe ẹlẹ́rìí lórí ohun tí kọ̀ǹpútà sọ.

Àwọn kan á ní ìṣirò kò pọn dandan, pé ìrírí àwọn àgbà pèpéle ti tó. Mo bọ̀wọ̀ fún ìrírí wọn gidigidi; àwọn ló ń fi ẹ̀mí wọn dúró níwájú gáàsì. Ẹ wá wo pápá gáàsì Aliso Canyon lẹ́bàá Los Angeles. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá 2015, wọ́n rí i pé gáàsì ń tú láti kànga SS-25. Ìgbà méje ni wọ́n ti ohun ṣíṣàn wọlé láti òkè, ìgbà méje ló kùnà, kànga ìrànwọ́ ló sì gbà wọ́n nínú oṣù Kejì 2016. Kó tó dìgbà náà, nǹkan bíi 100,000 tọ́ọ̀nù methane ti fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé sì ti kó jáde kúrò nílé wọn. Ilé-iṣẹ́ Blade, tí àwọn aláṣẹ California ní kó wá ìdí ọ̀rọ̀ náà, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2019. Ohun tó sọ nípa ìgbìyànjú méje yìí ṣe kedere: ohun ṣíṣàn náà kò wúwo tó, eré ẹ̀rọ kò tó, kò sì sí ẹ̀rí pé wọ́n ṣe ìṣirò ìṣàn náà ní àṣekára kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ ní ọ̀pọ̀ nínú ìgbìyànjú wọ̀nyẹn. Nígbà tí Blade fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò náà, ó rí i pé ohun ṣíṣàn tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ ì bá ti pa kànga náà ṣáájú. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yẹn kì í ṣe òpè. Wọ́n ní owó, wọ́n ní ìrírí, wọ́n wà ní Amẹ́ríkà. Ìṣirò nìkan ló ṣaláìsí.

Àwọn mìíràn á bá ibòmíràn yọ: pé kọ̀ǹpútà máa ń parọ́, pé ohun tí a bá fi sí i ló ń dá padà. Òótọ́ ni, mo sì gbà á. Ẹ̀rí tó lágbára jù wà nínú Macondo, kànga tó bú nínú Gulf of Mexico ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 2010, tó pa ènìyàn mọ́kànlá. Láàárín ọjọ́ 26 sí 28 oṣù Karùn-ún, wọ́n ti ẹrẹ̀ wọlé láti òkè, ó sì kùnà. Agbá epo 5,000 lójúmọ́ ni wọ́n ṣì ń kéde fún aráyé láàárín oṣù yẹn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tún un ṣírò lẹ́yìn náà, ó ju 50,000 lọ. Kò sí bí ìṣirò tó dára ṣe lè gba ẹni tó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá òtítọ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo rí nínú rẹ̀ kì í ṣe pé kí a pa ìṣirò tì. Tí wọ́n bá fi bí wọ́n ṣe rí òǹkà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú han gbogbo ènìyàn, ẹni tó wà níta lè tètè sọ pé ó kéré. Kànga kan náà tún fi apá kejì hàn. Ṣáájú kó tó bú, ilé-iṣẹ́ tó ń da sìmẹ́ńtì ti ṣe ìṣirò tó fi hàn pé bí wọ́n bá fi òrùka mẹ́fà péré di páìpù mú sí àárín kànga dípò mọ́kànlélógún, gáàsì lè gba inú sìmẹ́ńtì gòkè. Mẹ́fà náà ni wọ́n lò. Ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Amẹ́ríkà yàn kọ gbogbo èyí sínú ìwé rẹ̀ ní 2011. Ìṣirò tó wà nínú àpótí, tí kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni dáhùn sí i, kò lè gba ẹ̀mí là.

Ní ti owó, mi ò rí àwáwí kankan níbẹ̀. OpenFOAM, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò káàkiri ayé fún ìṣirò ìṣàn, ọ̀fẹ́ ni láti 2004. Ẹnikẹ́ni lè gbà á, lè tú inú rẹ̀ wò, lè kọ àgbékalẹ̀ Herschel àti Bulkley sí i. Òfin ti fi owó PTDF lélẹ̀ fún ìmọ̀ epo láti 1973. Òfin tó ní kí iṣẹ́ epo máa bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà ti wà láti 2010. Yunifásítì sáyẹ́ǹsì tó jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà ní Òkìtìpupa, kò jìnnà sí etíkun tí iná náà ń jó. Ohun tó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́ ni òǹkà láti inú kànga gidi, ọwọ́ yín sì ni èyí wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi ìṣàn ẹrẹ̀ gboyè ń lo òǹkà kànga ilẹ̀ òkèèrè torí pé kò sí ọ̀nà tó lè gbà rí ti Ororo. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọ̀rọ̀ àṣírí òwò náà kò dúró. Ìwé lórí Aliso Canyon àti ti Macondo wà níta fún gbogbo ayé, pẹ̀lú ìwúwo ẹrẹ̀, eré ẹ̀rọ àti agbára ìsàlẹ̀ kànga. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó wọgbá nítorí pé wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí ẹjọ́ bá wà lórí ẹni tó ni pápá, kí ilé ẹjọ́ máa bá tirẹ̀ lọ. Iná kì í ka ìwé àṣẹ.

Nítorí náà, Ọ̀gá wa, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé.

1. Kí ẹ tẹ ètò pípa kànga Ororo-1 jáde pẹ̀lú ìṣirò tó gbé e dúró: agbára gáàsì nísàlẹ̀, bí gáàsì ṣe ń tú tó lójúmọ́ àti bí a ṣe wọ̀n ọ́n, ẹrẹ̀ tí a ó lò, òǹkà kíki rẹ̀ ní gbogbo eré, èyí tó kọjá òkè ẹ̀rọ Fann pẹ̀lú, àbá rúdurùdu tí a lò, àti bí àbájáde ṣe yí padà tí ìkọ̀ọ̀kan nínú òǹkà wọ̀nyí bá yí padà. Kí ẹni tí kò gba owó lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe kankan yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì fọwọ́ sí i. Bí ètò bẹ́ẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, títẹ̀ ẹ́ kò ná yín ní nǹkan kan. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ lónìí.

2. Kí ẹ má ṣe fọwọ́ sí gbígbẹ́ kànga tuntun tàbí títún èyí tó ti pẹ́ ṣe nínú omi Nàìjíríà láìrí ìṣirò pé a lè pa á bí ó bá bú, pẹ̀lú ẹrẹ̀ tí wọ́n máa lò gan-an, kì í ṣe omi tí wọ́n fi ṣojú fún un. Ní Norway, ìlànà NORSOK D-010 ti ń béèrè irú ìmúrasílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí kànga inú òkun: ó fẹ́ kí kànga ìrànwọ́ kan tó láti pa á.

3. Kí PTDF gbé páìpù ìdánwò ẹrẹ̀ kan kalẹ̀ ní Òkìtìpupa, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó lè bá a rìn, kí ẹ sì fún wọn ní òǹkà Ororo.

4. Kí ẹ rán ẹni tó gbọ́ iṣẹ́ yìí lọ sí Awoye, kó fi èdè tí wọ́n gbọ́ sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, ọjọ́ tí a fẹ́ ṣe é, àti ohun tó lè bàjẹ́.

Mo mọ̀ pé àjọ yín kọ́ ló dá iná náà sílẹ̀. Òfin PIA ti 2021 tó dá yín sílẹ̀ gan-an kéré lọ́jọ́ orí sí i. Ṣùgbọ́n òfin kan náà gbé ọ̀rọ̀ ààbò kànga lé yín lọ́wọ́. Àwọn ará Ìlàjẹ ní sùúrù, sùúrù wọn kò sì ṣàì lópin. Ẹ rántí oṣù Karùn-ún 1998, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ jókòó sórí pèpéle Parabe ti Chevron nítorí omi àti ẹja wọn tó bàjẹ́. Ènìyàn méjì kú níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́ náà ní ilé ẹjọ́ ní San Francisco lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tún wá. Ohun tó máa ń fà á ni pé àwọn ènìyàn ń béèrè ìbéèrè tó ní ìdáhùn, àwọn tí ìdáhùn wà lọ́wọ́ wọn kò sì fún wọn.

Kànga àtijọ́ bíi Ororo pọ̀ ní etíkun wa, àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké sì ń gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn ńlá láti tún wọn ṣe. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tún bú, ohun àkọ́kọ́ tí a ó béèrè lọ́wọ́ yín ni ìṣirò tí ẹ rí kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó wà nínú fáìlì yín kó tó di ọjọ́ náà. Mo ń retí èsì yín ní gbangba, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ̀wé yìí ní gbangba.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ orílẹ̀-èdè yín kan.